4Runner, Pathfinder àbí Land Cruiser: Èwo Ló Ṣe é Rà Tó Bá Ti Rìn Jìnnà?

Lọ́sẹ̀ kan báyìí, jíìpù fọ́wíìlì méjì, èyí tí ẹ́ńjìnì lè máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ni mo lọ yẹ̀ wò. Ọ̀kan ti rìn 310,000 kìlómítà, ẹni tó ni ín sì kó rìsíìtì ọdún mẹ́sàn-án síwájú mi: ìgbà tó yí ọ́ìlì, ìgbà tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, gbogbo rẹ̀ pátá. Èkejì ò tíì rìn ju 140,000 lọ. Ara rẹ̀ ń dán, àmọ́ kò sí bébà kankan tó tẹ̀lé e. Èyí tó ń dán ni mo rà.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí abẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tí mo bá fẹ́ yí kọ́nà, á máa fà tìkọ̀ bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì tú bóòtù ìsàlẹ̀ gíà kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ó sì nà án sí mi kí n wò ó. Eyín irin wẹ́wẹ́ ló rọ̀ mọ́ mágnẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, òmíràn tó ìdajì èékánná. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fi táyà tuntun méjì síwájú, ó fi ògbólógbòó méjì sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń wà á bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé táyà méjèèjì ò ga dọ́gba, gíà kékeré yẹn ò sinmi rí.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ti yí padà. Jíìpù kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn àbínibí tirẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe mọ̀ dunjú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti tọ́jú àrùn náà àbí ó ṣì ń bọ̀ wá bá mi. Mẹ́ta tí àwọn èèyàn sábà máa ń fi wéra ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí, àwọn tó ń lo pẹtiróòlù nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà tàbí kìlómítà. 200,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 320,000 kìlómítà, ìyàtọ̀ yẹn ò kéré rárá. Nínú àtẹ ìsàlẹ̀ yìí, V6 ni ẹ́ńjìnì tó ní sìlíńdà mẹ́fà, V8 ní mẹ́jọ; táímìn ni ṣéènì tàbí bẹ́líìtì tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnì máa yí pọ̀ lásìkò.

| | Toyota 4Runner (2003–2009) | Nissan Pathfinder (2005–2012) | Land Cruiser 100 (1998–2007) |
|---|---|---|---|
| Ẹ́ńjìnì tí mo ń sọ | V6 lítà 4.0, tàbí V8 lítà 4.7 | V6 lítà 4.0 | V8 lítà 4.7 |
| Táímìn | V6: ṣéènì, V8: bẹ́líìtì | ṣéènì | bẹ́líìtì |
| Epo fún 100 kìlómítà | V6: bíi lítà 14 | bíi lítà 15 | bíi lítà 17 |
| Fọ́wíìlì | V6 ṣe é dá padà sí táyà ẹ̀yìn nìkan. V8 ò ṣe é dá padà | ó ṣe é dá padà sí táyà ẹ̀yìn nìkan | ìgbà gbogbo ló ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn |
| Àrùn tó yẹ kí ẹ wá | V8: bẹ́líìtì, pàńpù afẹ́fẹ́ | rẹdiétọ̀, ariwo ṣéènì | ike ọ́ọ̀sì híítà, bẹ́líìtì |

Pathfinder

Èyí ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì lè sọ owó táṣẹ́rẹ́ di gbèsè. Inú rẹdiétọ̀ rẹ̀ ni ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kó lè tutù. Omi wà níhà kan, ọ́ìlì wà níhà kejì, irin pẹlẹbẹ ló sì dá wọn sọ́tọ̀. Tí irin yẹn bá là, omi á wọ inú gíà. Omi yẹn á rẹ àwọn páálí tó ń di gíà mú títí wọ́n á fi máa ṣí, àkókò ò sì pọ̀ lẹ́yìn náà kí gíà tó kọ̀ láti wọlé. Nissan fúnra rẹ̀ fi kún àkókò wọ́ránti rẹdiétọ̀ àwọn tó jáde láàrin 2005 sí 2010 nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ wọ́ránti náà ti tán tipẹ́.

Ẹ wo ọ́ìlì gíà náà fúnra yín. Ọ̀pá ìwọn rẹ̀ wà, bóòtù kékeré kan ló dì í mú, nítorí náà ẹ mú sípánà dání. Tó bá pupa tó sì mọ́ gaara, ó dáa. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, wọn ò yí i padà fún ọjọ́ pípẹ́. Tó bá wá rí bíi mílíìkì tí wọ́n po àwọ̀ pupa mọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ máa lọ ilé yín. Ẹ ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ náà bákan náà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá òróró léfòó lójú omi.

Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹdiétọ̀ rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fa páìpù ọ́ìlì gíà kúrò nínú rẹdiétọ̀ lọ sí ibi ìtutù tirẹ̀ níta, tí ẹ sì rí rìsíìtì rẹ̀, inú mi á dùn láti rà á, kódà tó bá ti rìn 280,000 kìlómítà. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí, mi ò ní rà á bó ti wù kí kìlómítà rẹ̀ kéré tó.

Èkejì ni ariwo ṣéènì. Ẹ ní kí wọ́n má tíì tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án, wọ́n sì lè ní ohun tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tí ẹ́ńjìnì tó tutù bá wá ń hu bíi fèrè níwájú, tí ohùn náà ń ga bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná, àwọn ike tí ṣéènì ń rá lé lórí ti jẹ. Àti tún un ṣe, wọ́n á tú gbogbo iwájú ẹ́ńjìnì.

Ohun tó dáa lára Pathfinder ni pé èèyàn méje ń jókòó nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì le koko bíi ti 4Runner.

4Runner

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ra ọ̀kan lọ́la, 4Runner V6 ni màá kọ́kọ́ wá. Ṣéènì ló ń lò, nítorí náà kò sí bẹ́líìtì táímìn tí èèyàn ń ka ọjọ́ fún. Ẹ́ńjìnì yìí máa ń pẹ́ gan-an tí wọ́n bá ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Látọdún 2005, gíà alátẹ̀lé márùn-ún ni wọ́n ń fi sí i, kò sì ní ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì. Abẹ́ ni mẹkáníìkì ti máa ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ti ń sọ pé ọ́ìlì náà jẹ́ ti ayérayé, kò nílò ìyípadà. Ẹ má gbà. Kò sí ọ́ìlì ayérayé nínú gíà tó ti rìn 250,000 kìlómítà.

V8 ní agbára àtifa ẹrù ju V6 lọ, ẹ́ńjìnì kan náà ló sì wà nínú Land Cruiser 100. Ní gbogbo 90,000 máìlì, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn rẹ̀, pẹ̀lú pàńpù omi, torí ibì kan náà ni wọ́n ti máa tú méjèèjì. Èyí tó ti rìn 300,000 gbọ́dọ̀ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò bá sí bébà, ẹ ka bẹ́líìtì náà sí èyí tí wọn ò tíì yí, kẹ́ ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Láti 2005 lọ, pàńpù afẹ́fẹ́ kékeré kan tún wà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Tó bá bàjẹ́, iná á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà sì lè máa wọ́ bíi pé kò ní agbára.

Rẹdiétọ̀ àwọn 4Runner àkọ́kọ́ inú ìran yìí náà máa ń dá omi pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ má tìtorí orúkọ Toyota fo àyẹ̀wò yẹn.

Land Cruiser 100

Òun ló lágbára jù. Ṣáàsí rẹ̀ nípọn, gíà rẹ̀ nípọn, mo sì mọ̀ ọ́n ní jíìpù tí 400,000 kìlómítà kì í bà lẹ́rù. Ohun tó máa ń rẹ àwọn tó rà á ni epo àti owó iṣẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi sítátà rẹ̀ sí: lábẹ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Sítátà fúnra rẹ̀ ò le, àtidé ibẹ̀ ló máa gba ọjọ́ odindi.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pín in níyà pẹ̀lú ibi tí a ń jókòó. Ẹ máa rí ike kékeré méjì tí wọ́n so ọ́ọ̀sì híítà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ike yẹn kì í ju ohun tó tóbi bí àtàǹpàkò lọ. Ooru ti yan án fún ogún ọdún, ó ti di bíi bísíkíìtì, ẹ lè fọwọ́ kàn án kó wó mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá là lójú ọ̀nà, gbogbo omi á dà nù, ẹ́ńjìnì á gbóná kẹ́ ẹ tó mọ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, wákàtí kan ni wọ́n sì máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ti pààrọ̀ tirẹ̀ sí ti bàbà, ẹ mọ̀ pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lẹ rí yẹn, ọkàn mi máa ń balẹ̀ gan-an tí mo bá rí i.

Ohun tó kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Àwọn tó ṣe é dá padà sí táyà méjì, ẹ dán fọ́wíìlì wọn wò lórí yanrìn tàbí koríko, kì í ṣe orí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ẹ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó fi sí gíà ìsàlẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fi agbára rọra rìn. Tí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú tí kò fẹ́ dúró, ẹ̀rọ tó ń ti gíà náà wọlé ti di nítorí pé wọn ò lò ó. Ọ̀pọ̀ jíìpù ni wọn ò fi sí fọ́wíìlì láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Fún àwọn tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn nígbà gbogbo, ẹ mú tépù dání, kẹ́ ẹ wọn àyíká táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ fi wé ohun tí ẹni tó ń tà á ń sọ. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga dírẹ́bà níhà ilẹ̀kùn. Jíìpù tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní 90,000 ni òun, tí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ sì ti jẹ dé irin, ẹnì kan ti dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ìpáàrà lára ṣáàsí ni ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn. Irin tó le máa ń dún kan-an. Èyí tó ti dógùn-ún láti inú máa ń dún pọ̀, bí ẹni lu igi tó ti ra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò mọ́ ọn. Kì í ṣe àwọn àṣìṣe tó bá kà nìkan lẹ máa wò. Ẹ wò ó bóyá àwọn ìdánwò tí ọkọ̀ náà máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Tó bá ní ọ̀pọ̀ wọn kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ́ láìpẹ́, ó lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Kẹ́ ẹ wá bẹ mẹkáníìkì yín kó tú bóòtù abẹ́ dífù ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ nu mágnẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sí ìka yín. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú eérú tó kúnná, tó ń yọ̀ láàrin ìka méjì, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn. Tí ìka yín bá gbọ́ ohun tó ń gún, tí ẹ lè fi èékánná ṣà á, ẹ da bóòtù náà padà, kẹ́ ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀.