Fáíndà 9×50 oní-ìgbọ̀nwọ́: gíláàsì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òrùka tó dì í mú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹni tó bá ní tẹlisíkóòpù Dobsonian (oní-díńgí tó jókòó sórí ìpìlẹ̀ tó ń yí) oní-íńṣì mẹ́jọ mọ ìyà tí fáíndà gbọọrọ, ìyẹn awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń wá ohun tí a fẹ́ wò, ń fi jẹ ọrùn. Bí ohun tí ẹ fẹ́ wò bá ti wà lókè orí, àfi kí ẹ ba, kí ẹ yí ọrùn bí òròmọdìẹ tó ń wo àwòdì. Ohun tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, orí rẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀. Èyí tí mo gbé yẹ̀ wò níbí ní ìgbọ̀nwọ́: òkè ni a ti ń fi ojú sí i, prism (gíláàsì onígun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà) inú rẹ̀ sì ń dá àwòrán padà kí òkè jẹ́ òkè, kí ọ̀tún jẹ́ ọ̀tún, bó ṣe wà nínú àwòrán ilẹ̀ ojú ọ̀run. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ń tẹ orúkọ wọn sára irú rẹ̀, torí náà irú ohun èlò náà ni mò ń sọ, kì í ṣe orúkọ kankan. Ara tẹlisíkóòpù 200 mm tí focal length rẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láti díńgí dé ibi tí àwòrán ti ń dúró) jẹ́ 1200 mm ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ red dot (fáíndà tí kì í sọ nǹkan di ńlá, tó kàn ń fi àmì iná pupa hàn lójú ọ̀run), gẹ́gẹ́ bíi fáíndà kejì.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ti gíláàsì, torí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 9; lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó 50 mm, ìmọ́lẹ̀ tó ń kó sì tó nǹkan bí ìlọ́po 50 èyí tí ẹyinjú ń kó lóru. Ibi tó ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó dígírì 5, ìyẹn òṣùpá mẹ́wàá tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti Ìbàdàn, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, bí òjò bá fọ ojú ọ̀run tán, Omega Centauri, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan, máa ń hàn nínú rẹ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ òwú. Àwọn tó wà ní London ò lè rí i rárá. Ìràwọ̀ tó bá tàn gan-an lè yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára. Ibi tí ojú prism méjì ti pàdé ló ń fà á, ẹ má torí ẹ̀ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ohun tí mo kà sí àbùkù ni àgbélébùú dúdú inú rẹ̀ tí a fi ń mọ àárín, tí kò ní iná: nígboro ó hàn, lóko tí òkùnkùn ti kún ó pòórá. Ẹ tan iná pupa kékeré gba ẹ̀gbẹ́ níwájú lẹ́ǹsì, àgbélébùú náà á yọ padà.

Òrùka tó dì í mú ni ọ̀rọ̀ wà. Síkúrù méjì ló wà lápá ẹ̀yìn òrùka náà pẹ̀lú ọ̀pá kékeré onísípíríǹgì kan tó ń tì í padà sọ́dọ̀ wọn. Lápá iwájú, rọ́bà róbótó kan ló di àlàfo tó wà láàárín fáíndà àti òrùka. Bí ẹni tó di páálí bá gbàgbé rọ́bà yìí, tàbí tó bá ti gbẹ tó sì já, iwájú fáíndà á máa jó, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí síkúrù tí á fi dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú sí síkúrù, síkúrù ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn tó ń ta rọ́bà páìpù omi lè ní èyí tó bá a mu. Ẹ gbé fáíndà náà dání kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń kì í bọ̀ ọ́ nìyí: ẹ fi rọ́bà sínú kòtò tó yí ara fáíndà ká, ẹ fi ìka fa ọ̀pá onísípíríǹgì sẹ́yìn, ẹ wá ti ìdí fáíndà gba ẹnu òrùka tí kò ní síkúrù, títí rọ́bà á fi wọlé díẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yí síkúrù méjèèjì dé àárín ìrìn wọn. Èyí tó bá jáde jù á tú ìdè sípíríǹgì. Èyí tó bá wọlé jù á fún sípíríǹgì pa, fáíndà ò sì ní ríbi lọ mọ́. Tó bá jẹ́ pé síkúrù kan gbọ́dọ̀ wọlé tán kó tó wo ibi tó yẹ, ẹsẹ̀ òrùka náà ló wọ́. Ẹ gé páálí tín-ín-rín sábẹ́ apá kan rẹ̀.

Ojú lẹ́ǹsì náà ni kí ẹ tún ṣe ṣáájú. Ẹ tú òrùka tó wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì iwájú, ẹ yí lẹ́ǹsì títí ìràwọ̀ á fi kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ fún òrùka náà padà. Bí ẹ bá ṣe èyí lẹ́yìn tí ẹ ti tọ́ fáíndà tán (kí òun àti tẹlisíkóòpù máa wo ibi kan náà), ẹ máa tún un tọ́ ni, torí yíyí lẹ́ǹsì ń yẹ ojú rẹ̀ kúrò. Bákan náà ni díńgí tẹlisíkóòpù ńlá: ẹ tò wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan fáíndà, nítorí díńgí tó bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ti gbé ibi tí tẹlisíkóòpù ń wò lọ.

Ọ̀sán ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ fáíndà. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ má sì fi fáíndà tàbí tẹlisíkóòpù kọjú sí i láéláé: 50 mm tó láti fọ́ ojú èèyàn. Ẹ wá orí òpó tẹlifóònù tó jìnnà tó kìlómítà kan, èyí tó ní nǹkan kékeré tí ojú lè dì mú, bíi gílóòbù pupa orí rẹ̀.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jìnnà? Àárín fáíndà sí àárín tẹlisíkóòpù yìí tó 20 cm. Bí ẹ bá lo òpó iná tó wà ní mítà 50, tí ẹ sì mú kí méjèèjì wò ó, ẹ ti fi ojú fáíndà tẹ̀ ní dígírì 0.23. Lẹ́ǹsì ojú 10 mm (èyí tí a ń fi ojú sí) ń mú tẹlisíkóòpù yìí gbé nǹkan ga ní ìlọ́po 120, gbogbo ibi tó ń fi hàn ò sì ju dígírì 0.43 lọ. Lálẹ́, ìràwọ̀ tó wà láàárín àgbélébùú á ti bọ́ sí ìta lẹ́ǹsì yín! Ní kìlómítà kan, àṣìṣe náà kò ju nǹkan bí dígírì 0.01 lọ. Ẹni tó sọ pé òun tọ́ fáíndà òun dáadáa lọ́sàn-án, tó tún bàjẹ́ lálẹ́, òpó ìtòsí ló lò.

Lẹ́ǹsì 25 mm ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé orí òpó sí àárín rẹ̀, ẹ yọwọ́ kúrò lára tẹlisíkóòpù, ẹ wo inú fáíndà. Ẹ tú síkúrù kan ní ìdá mẹ́rin ìyípo, ẹ fún ìkejì tó bẹ́ẹ̀. Ìdí fáíndà ni síkúrù ń tì, torí náà bí ìdí bá lọ sí ọ̀tún, òsì ni ojú rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí àgbélébùú bá bọ́ sórí òpó, ẹ padà wo tẹlisíkóòpù, torí ọwọ́ yín á ti sún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi 10 mm sí i, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìgbà kejì tàbí ìkẹta ló ń jọ ara wọn.

Lálẹ́ ẹ máa dán an wò lára ìràwọ̀. Ní London, Polaris, ìràwọ̀ àríwá, ni mo máa ní kí ẹ lò, torí ó ga tó dígírì 51, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ní Èkó, dígírì 6 àti ààbọ̀ péré ló fi ga, ikùukùu etí ọ̀run àti eruku ọyẹ́ ti gbé e mì. Ẹ lo Júpítà, tàbí Àgùàlà tó bá wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹ yára: láti àárín lẹ́ǹsì 10 mm, ohun tó wà nítòsí àárín ọ̀run ń jáde ní bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti ń sá, ẹ gbé e sí etí ìlà-oòrùn lẹ́ǹsì, kí ó rìn kọjá àárín nígbà tí ojú yín wà nínú fáíndà.

Ẹ má yọ red dot kúrò. Kò sí bí ẹ ṣe lè wo ojú ọ̀run gba ẹ̀gbẹ́ fáíndà oní-ìgbọ̀nwọ́, dígírì 5 sì kéré fún ẹni tí kò mọ ibi tó dojú kọ. Red dot ló ń mú yín dé àdúgbò, 9×50 ló ń mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Telrad ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú òrùka iná tó fẹ̀ tó dígírì 0.5, 2 àti 4, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju red dot lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, tẹlisíkóòpù ńlá ni kí ẹ tọ́ ọ mọ́, kì í ṣe fáíndà kejì, kí àṣìṣe ọ̀kan má di ti méjèèjì.

Ó wúwo ju red dot lọ, imú tẹlisíkóòpù á sì fẹ́ máa wálẹ̀. Ẹ fún ìdè ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí i, tàbí ẹ lẹ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ìsàlẹ̀ túùbù onírin. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ fún ìrìn-àjò, ẹ máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ibi kan náà. Àti ìdérí lẹ́ǹsì iwájú: ẹni tó bá fi gíláàsì àbò wo oòrùn nínú tẹlisíkóòpù gbọ́dọ̀ dé fáíndà tàbí kó yọ ọ́.

Tẹlisíkóòpù kékeré tí focal length rẹ̀ jẹ́ 400 mm kò nílò rẹ̀. Lẹ́ǹsì 25 mm ti ń fi dígírì 3 lé díẹ̀ hàn níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni fáíndà. Red dot ti tó o.