Aago kan náà, owó ọ̀tọ̀: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra aago àtijọ́

Ẹ jẹ́ ká gbé aago ọwọ́ méjì sórí tábìlì. Rolex GMT-Master ni àwọn méjèèjì, nọ́ńbà irú wọn ni 1675. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń kọ mọ̀nà. Páálí rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á náà wà níbẹ̀. Ti ọwọ́ òsì kò ní ìwé kankan, ara rẹ̀ ti ha káàkiri, àwọn àmì funfun ojú rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Iye kan náà ni olùtajà ń bèèrè lórí wọn. Èwo lẹ máa mú?

Ọ̀pọ̀ nínú wa á nawọ́ sí èyí tó ń dán. Èmi náà ì bá ti mú un nígbà kan. Lónìí, bí ara ti ọwọ́ òsì bá pé, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú tí wọ́n bí i mọ́, òun ni mo máa gbé. Páálí ṣe é wá rà lọ́tọ̀. Irin tí wọ́n ti lọ̀ dànù kò ṣe é wá rà níbì kankan.

Ara tó ń dán, ara tó pé

Aago tó ti lò ju ogójì ọdún lọ tó ṣì ń dán bíi dígí, wọ́n lọ̀ ọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì lọ̀ ọ́ ni irin ń bá a lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́rin tí okùn so mọ́. Nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, ẹsẹ̀ yẹn nípọn, etí rẹ̀ sì mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, á rù, etí rẹ̀ á yí róbótó bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà á sì sún mọ́ etí irin. Ihò yẹn kì í purọ́. Bí ti ẹsẹ̀ kan bá sún mọ́ etí ju ti ìkejì lọ, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Owó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi Omega Seamaster kan sílẹ̀ fún mi, mo sì gbé e fún atúnaagoṣe pé kó bá mi sọ ọ́ di tuntun. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé e wá, ó ń dán yinrin. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo fi àtàńpàkò wá àwòrán ẹran inú òkun tó máa ń wà níbẹ̀, tí mo ti ń fọwọ́ pa láti kékeré. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ohun tí mo bẹ ọkùnrin náà pé kó ṣe ló ṣe, n kò lè bá a jà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ojú àbíbí, ojú àgbàlò

Ojú aago ni owó pọ̀ sí jù. Ẹ mú Rolex Daytona 6239 méjì: irin kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ọ̀kan ní ojú tó wọ́pọ̀, ìkejì ní ojú tí àwọn olùkójọ aago ń pè ní ti Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà kan. Ojú yìí nìkan ló sọ owó ìkejì di ìlọ́po owó ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú ojú fi pọ̀ lọ́jà.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí di nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1990, tritium, èròjà kan tí ìtànṣán rẹ̀ ń jẹ́ kí ọ̀dà tàn, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Switzerland fi ń mú kí àmì ojú aago tàn lóru, wọ́n sì máa ń kọ lẹ́tà T sí ìsàlẹ̀ ojú náà. Agbára tritium máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún méjìlá àti díẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dún 1970, agbára rẹ̀ tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ tan iná fóònù sí i, kí ẹ wọ inú òkùnkùn. Bó bá ń tàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti tún un kùn, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ọwọ́ tó ń tọ́ka àsìkò nìkan ló ń tàn, àwọn ni wọ́n pààrọ̀.

Àbùkù tó jẹ́ ti ọjọ́ orí kò tó ìdí láti sá. Ojú dúdú tí oòrùn ti sọ di pupa bíi kọfí lè wọ́n ju èyí tó ṣì dúdú lọ. Ojú tí wọ́n tún kùn, bó ti wù kó rẹwà tó, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ púpọ̀.

Orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́

Bí wọ́n bá fín orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ sẹ́yìn aago, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ orúkọ ẹni ńlá ńkọ́? Joanne Woodward ra Daytona 6239 fún ọkọ rẹ̀, Paul Newman yẹn gan-an, ó sì ní kí wọ́n fín in sẹ́yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Lọ́dún 1984 Newman fi ta James Cox, ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ rẹ̀, lọ́rẹ. Ní gbàǹjo New York lóṣù kẹwàá ọdún 2017, ó tó 17,752,500 dọ́là.

Ti Marlon Brando, òṣèré Amẹ́ríkà mìíràn, tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. GMT-Master 1675 tó wọ̀ nínú fíìmù Apocalypse Now kò ní òrùka tó yẹ kó yí ojú rẹ̀ ká, Brando fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ha orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹlòmíì, aago tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 2019 wọ́n tà á ní 1,952,000 dọ́là. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtàn méjèèjì ní fọ́tò, ó ní ìfín, ó sì ní ẹni tó lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ òun. “Ọ̀gá ológun kan ló ni ín” láìsí ẹ̀rí kò fi kọ́bọ̀ kún un lójú tèmi.

Ìwé

Patek Philippe, ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland, máa ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó sì fún yín níwèé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe aago náà àti ọjọ́ tí wọ́n tà á. Nítorí náà, ìwé àkọ́kọ́ tó sọ nù kì í ṣe òpin ayé. Rolex kì í ṣe irú ìyẹn fún ará ìta, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ bí ara aago ṣe wà. Lọ́dún 2021 wọ́n ta Omega Speedmaster kan ní Geneva ní owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta fránkì Switzerland. Lọ́dún 2023 Omega fúnra rẹ̀ kéde pé ẹ̀yà oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ fi ṣe é.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà tú okùn aago náà, kó ya fọ́tò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ẹ̀gbẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kó sì ya ti nọ́ńbà tó wà láàárín ẹsẹ̀ náà. Bó bá ní òun ò ráyè ìyẹn, ẹ fi aago rẹ̀ sílẹ̀ fún un.