Aláàmù mọ́tò mi dáa, àwọn tó bá mi dè é ló ká áńténà ẹ̀ mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù

Ààrá kan ṣoṣo ló sán lóru, aláàmù mọ́tò mi gba ariwo. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ni mò ń gbé ní Ìgbẹ̀bà, Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mọ́tò wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mo na rìmóòtù gba àárín irin fèrèsé síta, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, iná pupa kékeré orí ẹ̀ ń tàn, mọ́tò ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ mò ń wo indikétọ̀ ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú níbi tí mo dúró sí, kò jìnnà rárá! Alhaja onílé wa, àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ti jí, ó ń pè mí látìsàlẹ̀, “Bàbá Ìbejì, ẹ dákun ẹ bá mi pa nǹkan yìí, àyà mi ń já o.” Àfi kí n ṣí ìlẹ̀kùn onírin, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n rin inú òjò débi mọ́tò, ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó dákẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja. Wọ́n ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn.

Mi ò ní máa ka ohun tí aláàmù ń ṣe fún yín, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tó ká mi lára ni pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí ẹ̀ pé rìmóòtù ń ṣiṣẹ́ láti 100 mítà, tèmi ò sì kọjá ìṣísẹ̀ mélòó kan.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá mi dè é. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ lọ́yàyà, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá wá kan iṣẹ́! Ó ní bátìrì rìmóòtù ló ti kú, ọmọṣẹ́ kan yọ 23A tó wà nínú ẹ̀, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n gbowó, mo délé, bákan náà. Mo padà lọ, ó ní rìmóòtù gan-an ni ò dáa, ó ta òmíràn fún mi, bákan náà. Mo tún padà, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, màásì àdúgbò yín ló ń da síńgánà rú.” Àdúgbò tí kò dé rí! Mo ní, ọ̀gá, ibi tí mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù yín yìí ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tí mọ́tò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò dáhùn, ṣé màásì wà níbí náà ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó tiẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló júwe bàbá ríwáyà kan fún mi lẹ́bàá ìkóríta Ṣágámù. Bàbá yìí ò fún mi ní àga, débi omi tútù. Ó yí ẹ̀yìn rìmóòtù padà, ó ka 433.92 tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìgbì rédíò tó fi ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀, ó ní, “Níbo ni wọ́n ju áńténà ẹ̀ sí?” Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti nà gbalaja sábẹ́ sitíárì. Nígbà tó yọ ike ìsàlẹ̀ tán ó pè mí pé kí n wá wò ó. Wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára àpótí aláàmù, òun ni áńténà tó ń gba síńgánà rìmóòtù, orí ẹ̀ kejì ò so mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti ká a mọ́ra wọn, wọ́n fi téèpù dúdú dì í mọ́ ìdì wáyà tó ń lọ síbi fíúsì, wọ́n wá há gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn irin tó gbé sitíárì dúró. Bàbá fi èékánná ṣí téèpù yẹn díẹ̀díẹ̀ kí wáyà má baà já, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí tó fi tọ́. Kò ju bíi 17 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ẹ gbọ́ ìdí tí bàbá ní ó fi gùn tó bẹ́ẹ̀, mo ti lọ kà á síwájú sí i, òótọ́ ni: ní 433.92 MHz, ìgbì rédíò kan gùn tó 69 sẹ̀ǹtímítà, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ni 17 yẹn. Kì í ṣe wáyà tó ṣẹ́kù o! Tẹ́ ẹ bá ká a, tẹ́ ẹ gé e, tàbí tẹ́ ẹ so ó mọ́ bọ́dì, ẹ ti sọ ọ́ di adití. Ẹ má sì fi wáyà míì kún un pé ó máa dáa sí i. Irin tó bá yí i ká ló ń dí i lọ́wọ́, gíláàsì kì í dí i, àfi èyí tí wọ́n bá lẹ tíńtì tó ní mẹ́táàlì nínú mọ́.

Torí pé wáyà yẹn kúrú, àpótí fúnra ẹ̀ ni bàbá gbé sókè, ó so ó lẹ́yìn mítà dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá yọ wáyà sí etí gíláàsì iwájú, ó fi téèpù mú un kó dúró ṣánṣán. Mo ní, bàbá, ẹ ò ṣe kì í sínú ike òpó ẹ̀gbẹ́ yìí kó má baà hàn? Wọ́n ní, “Irin ni òpó yẹn, áàbáàgì sì wà níbẹ̀. Ohun tó máa gbà yín là lẹ fẹ́ fi wáyà dí lọ́nà?” Wọ́n tún yọ ṣájà olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú mọ́tò, wọ́n ní ó ń da rìmóòtù láàmú.

Wọ́n gbé rìmóòtù fún ọmọṣẹ́ wọn: “Máa lọ, máa tẹ̀ ẹ́ lọ.” Ọmọ yẹn kọjá oní-fọ́kanáísà, ó kọjá ìyá oníbọ́ọ̀lì, ó dé ìdí òpó iná kejì, indikétọ̀ ṣì ń dá a lóhùn! Mo pariwo, mo dì mọ́ bàbá pẹ̀lú epo tó wà lára aṣọ wọn.

Bàbá náà jẹ̀bi tiwọn ṣá. Àwọn onítakisí tó dé lẹ́yìn mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì ṣẹ́ kílíìpù ike kan, dáṣíbọ́ọ̀dù mi ń dún ṣákaṣàka báyìí tí mo bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. ₦5,000 ni wọ́n gbà, mi ò yọ kọ́bọ̀. Lásìkò Ojúde Ọba tí mọ́tò kún gbogbo ìgboro, mo tẹ rìmóòtù láti òdìkejì títì, mo sì gbọ́ ohùn mọ́tò mi láàárín gbogbo wọn.

Mo gbé fọ́tò wáyà yẹn lọ fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ó wò ó dáadáa, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, bá a ṣe ń dè é fún gbogbo èèyàn nìyẹn.” Fún gbogbo èèyàn! Tí rìmóòtù tiyín náà ò bá dé ibi kankan, ẹ má tíì ra òmíràn, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ike abẹ́ sitíárì fún yín, kí wọ́n wá wáyà tí orí ẹ̀ kan ò so mọ́ nǹkan.

Aláàmù àti àwọn tó dè é pa pọ̀, mo fún wọn ní 4 nínú 5, torí yàtọ̀ sí áńténà yẹn, gbogbo wáyà tó kù ni wọ́n so dáadáa, ìlẹ̀kùn ò kọṣẹ́ rí, ẹ́ńjìnì ò sì dá mi dúró sọ́nà. Owó rìmóòtù kejì ṣì wà lọ́wọ́ wọn o, mo sì ń béèrè ẹ̀.