Ìkìlọ̀ fẹ́yin tẹ́ ẹ ń ra pósítà àtijọ́: ànjọ̀nú aláwọ̀ ewé tó gba ìgboro yìí kì í ṣe ti 1906

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra pósítà ìpolówó ayé àtijọ́ ní London níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á lórí fóònù láì fojú kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ọkùnrin kan wà tó ń ta pósítà ọtí kan tó ń jẹ́ Maurin Quina kiri, èyí tí ànjọ̀nú aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Ó ní ojúlówó ni, ó ní ti 1906 ni, àti pé inú àjà ilé bàbá àgbà òun ní Marseille lòun ti kó o. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tí nǹkan wọ̀nyí fi ń gba iwájú mi kọjá. Àǹtí kan gbé tiwọn wá pé kí n bá àwọn fi gíláàsì sí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ara fu mí, mo sì sọ fún wọn. Wọn ò gbà. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wo ibi tó ti ya. Ayédèrú wo ló ń gbó báyìí?" Lóòótọ́, ó ya nísàlẹ̀ lápá òsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìka yín kàn án." Wọ́n fi ìka kàn án, ibẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Ojú ń rí yíya, ìka ò bá nǹkan kan. Pósítà gidi kan tó ti ya ni ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀, tó wá tẹ̀ ẹ́ jáde tòun ti ọgbẹ́ ara rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni oníbàárà mìíràn gbé tirẹ̀ dé: ibì kan náà ló ti ya, ìlà ìkápọ̀ rẹ̀ sì gba ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà ló ti rà á.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Leonetto Cappiello ló ya àwòrán Maurin Quina, ará Ítálì tó fi Paris ṣe ibùjókòó. Ànjọ̀nú aláwọ̀ ewé kan ló ń ṣí ìgò ọtí, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri. Le Puy ní Faransé ni wọ́n ti ń ṣe ọtí náà, ilé ìtẹ̀wé Vercasson ní Paris ló sì tẹ pósítà rẹ̀. Cappiello mọ̀ pé ẹni tó ń kọjá lójú pópó kò ráyè dúró kàwé, ló fi jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo ló máa ń gbé síwájú, kó lè gbá èèyàn lójú. Ohun tó mú un tà nígbà yẹn ló jẹ́ kí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn rẹ̀ lónìí.

Orí òkúta ni wọ́n ti ń tẹ irú pósítà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi kírèyọ́ọ̀nù ọlọ́ràá ya àwòrán sórí òkúta tí wọ́n ti họ dán, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òkúta tirẹ̀. Ẹ wá gíláàsì kékeré táwọn oníwúrà fi ń wo nǹkan, ẹ gbé e lé ara ànjọ̀nú yẹn. Bó bá jẹ́ ti òkúta, ẹ ó rí àwọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí èyí tó há wúruwùru láìlétò, bí ìgbà téèyàn fi ṣọ́ọ̀kì pa ara ògiri. Ti ọkùnrin yìí, tótòtó ni látòkè délẹ̀: búlúù, yẹ́lò, pupa, dúdú, tí wọ́n tò yíká ara wọn róbótó-róbótó. Àwọ̀ ewé gan-an ò sí níbẹ̀. Búlúù àti yẹ́lò ló dúró ti ara wọn tí wọ́n ń tan ojú jẹ. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ń tẹ̀wé báyẹn.

Ìwọ̀n ńkọ́? Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 160, ó fẹ̀ tó 120. Èyí tí ọkùnrin yìí ń tà fẹ̀ tó 50, ó ga tó 70, ìyẹn ìwọ̀n férémù tí ẹ lè rà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí. Kíkéré nìkan kọ́ ni ẹ̀rí jìbìtì o, torí wọ́n máa ń tẹ pósítà kan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, àmọ́ ó yẹ kó mú yín béèrè ọ̀rọ̀.

Pípọ́n tí ìwé náà pọ́n, tíì ni. Àbàwọ́n róbótó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí omi tíì ti dá sí. Bóyá ó fi ṣúgà sí i, mi ò lè sọ. Ẹ tan iná tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i, ibi tí tíì ò dé á máa tàn bíi búlúù. Ìwé 1906 kì í tàn bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èròjà tó ń mú ìwé tàn wọ ilé iṣẹ́ ìwé.

Ó tún máa ń fi sítáǹbù owó orí yangàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba owó orí lórí pósítà ìgboro ní Faransé, tí wọ́n á sì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èékánná á kọ́ etí sítáǹbù tí wọ́n lẹ̀. Ti ọkùnrin yìí wà nínú àwòrán bí yíya yẹn ṣe wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó ń fi sí i sì rèé, òun ló kọ ọ́, òun ló buwọ́ lù ú: òun ni ẹlẹ́jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí.

£650 ló ń pè é. Ọgbọ́n burúkú ló wà nídìí iye yẹn: ojúlówó tó dára máa ń ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, nítorí náà èèyàn á rò pé òun rí ẹ̀dínwó, kò sì kéré débi tí ara á fi fu èèyàn. Àdàkọ kọ́ ni mò ń bá jà o. Ẹni tó bá fẹ́ ànjọ̀nú lára ògiri kíṣíìnì rẹ̀, kó ra àdàkọ £15, kí ẹni tó tà á fún un sì pè é ní àdàkọ.

Kì í gba káàdì. Kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà bí ẹni ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló máa ń fẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fi kírẹ́díìtì káàdì ra ọjà tó ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, lè mú báńkì tó fún un ní káàdì dáhùn bí oníṣòwò bá purọ́ fún un. Abala 75 òfin gbèsè ti 1974 ló sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà kò sí lábẹ́ ẹ̀. Bí ẹ bá ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn pósítà fún yín lójú oòrùn, á ní òun ti ká a sínú páìpù páálí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ tètè pe báńkì yín, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá a sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ó ti pààrọ̀ orúkọ tó ń lò báyìí. Pósítà ọtí Cinzano ti 1910 ló ń polówó láàárọ̀ yìí, èyí tí ọkùnrin kan gun kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ abilà pupa. Òun náà fẹ̀ tó 50, ó ga tó 70.