Máàkì JSS àbí èsì WAEC: èwo ló ń gbé ọmọ débi tó ń lọ?

Ọ̀pọ̀ òbí ní Kubwa níbí ló máa ń sọ pé JSS lásán nìyẹn, ọmọ á jí tó bá dé SS3. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀ o. Yunifásítì wa kì í bèèrè máàkì JSS2, kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú JAMB tí wọ́n ń máàkì lórí 400. Àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà ni tiwọn yàtọ̀, ibẹ̀ máa ń fẹ́ rí èsì ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní sẹ́kọ́ńdírì.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ tí ò gbọ́ fráṣọ̀n yé ní JSS1, ó dé SS1, tíṣà kọ x/3 + x/4 = 7 sí bọ́ọ̀dù, kò mọ̀ pé 12 ló máa fi sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀, gbogbo kíláàsì ti gba x = 12 tán, òun ṣì ń pa ìwé rẹ́, báyìí ló ṣe máa bá fíṣíìsì àti kẹ́mísìrì náà. WAEC ò lè tún ìyẹn ṣe. Ní tèmi, ipò kìíní ní JSS ò jẹ́ nǹkan kan, ohun tọ́mọ mọ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Owó lẹ́sìn tẹ́ ẹ ń tọ́jú de SS3 yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ná an ní JSS2.