Aró tí mo rà lọ́jà Ọba, Òṣogbo, tó gba aṣọ ọkọ mi lọ́wọ́ bílíìṣì

Ẹ jẹ́ n tètè kọ eléyìí torí àwọn èèyàn ti ń bi mí níbo ni mo ti rí i rà. Ọkọ mi ní bùbá àti ṣòkòtò gíní kan, búlúù tí ò dúdú púpọ̀, tí wọ́n fi òwú funfun kó lọ́rùn, aṣọ tó wọ̀ níjọ́ ìkómọ àkọ́bí wa ni. Mò ń fọ bálùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, aṣọ náà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ò rántí, bílíìṣì ta sí i, ìgbà tí mo máa fi rí i iwájú bùbá ti ní tótòtó funfun káàkiri. Ó dùn mí gan-an.

Ẹnì kan ní kí n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ẹlòmíì ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí n sá a sóòrùn. Ẹ má ṣe é o. Bílíìṣì kì í kó àbàwọ́n bá aṣọ, àwọ̀ aṣọ gan-an ló máa ń jẹ, ibi tó bá ti jẹ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ téèyàn fẹ́ fọ̀ kúrò mọ́, àfi ká fi àwọ̀ míì síbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn tún léwu, tó bá kan bílíìṣì tí ò tíì ṣàn kúrò lára aṣọ, èéfín tó máa yọ burú fún ọ̀nà ọ̀fun.

Mo ti ń wá dái lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á fi ránṣẹ́ látÈkó, ìyá ọkọ mi ló ní ẹ̀yin wà nílùú aró ẹ ń wá aró lọ sÉkòó. Òótọ́ ni màmá sọ. Òròkí ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, ìtàn ìlú yìí gan-an, inú ìkòkò aró ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní nígbà tí igi tí Tìmẹ́hìn àti Láròóyè, àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, gé wó sínú odò Ọ̀ṣun, ohùn kan ké jáde pé ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èròjà aró lọ́jà Ọba nìyẹn. Mo kí wọn, wọ́n ní "ẹ káàbọ̀ ìyàwó mi, ẹ gbé aṣọ náà wá kí n rí i." Wọ́n fọwọ́ ra á, wọ́n fa òwú díẹ̀ yọ níbi ìṣẹ́po inú, wọ́n ṣáná sí i, ó jó di eérú, wọ́n ní èyí máa gbaró. Wọ́n ní ká ní ó yọ́ ni, kó dì bíi kókó ike, àwọn ò ní gba owó mi, torí pọliẹ́sítà ò ní mu aró yìí. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn nìyẹn. Mo tún mú ṣòkòtò sẹ́nétọ̀ kan dání, wọ́n dán an wò, ó yọ́, wọ́n ní kí n gbé e padà sílé.

Aró lẹ́búlẹ́bú, kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, àti háídírò, èròjà tó ń jẹ́ kí aró yòrò sínú omi, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4,500 náírà nígbà tí mo rà á. Wọ́n ní ṣíbí aró kan, kọ́sítíìkì kan, háídírò méjì. Ike ni kẹ́ ẹ fi pò ó, ẹ má lo ìkòkò àlúmíníọ́mù, kọ́sítíìkì máa jẹ ẹ́. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù, kẹ́ ẹ wá da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé, ó lè ta sí èèyàn lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan, ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é torí òórùn háídírò le.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣe é rárá. Omi aró yẹ kó yí sí àwọ̀ ewé, tèmi dúró ní búlúù. Mo padà lọ, ìyá wo háídírò tó kù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ó ti fa ọ̀rinrin, ó ti kú, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láìbá mi jà, wọ́n tún fi díẹ̀ lé e.

Ìgbà kejì ni mo rí iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo ti fọ bílíìṣì kúrò dáadáa, mo rẹ aṣọ sómi lásán kó lè mu aró dọ́gba, mo wá rì í bọ inú aró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń yí i lábẹ́ omi. Nígbà tí mo fà á jáde ó dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú omi ewédú, bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí búlúù lójú wa, àwọn ọmọ ń pariwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì í. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì tótòtó yẹn ṣì ń hàn fírífírí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bò ó, ó ku ẹyọ kan lẹ́bàá àpò téèyàn ò lè rí àfi nínú oòrùn. Òwú funfun tí wọ́n fi kó ọrùn ò gbaró ní tiẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pọliẹ́sítà, funfun ẹ̀ wá yọ kedere lórí aró dúdú, ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú tèmi. Aró aṣọ náà ṣì ń ṣí díẹ̀, òun nìkan ni mo máa ń fọ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé inú lọ́rà lásán ni wọ́n di gbogbo ẹ̀ sí, kọ́sítíìkì funfun, háídírò funfun, kò sí orúkọ lára ọ̀kankan, ilé tọ́mọdé wà nílé wa. Èmi ni mo tọrọ báírò tí mo kọ ọ́ sí i. Torí ìyẹn, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Ní ìsọ̀ kejì mo ra gọ́ọ̀mù bàtà fún sáńdà ọmọ mi tó lanu, ìyẹn náà dáa. Ẹ fi sáńdípépà ha ojú méjèèjì, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, kẹ́ ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Súpà gúlù máa ń sán níbi tí bàtà bá ti ń ká.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú aṣọ yẹn gan-an dání kí wọ́n lè ṣáná sí òwú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wọn háídírò yín látinú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.