Gìtá Tòkunbọ̀ Tó Là Lójú àti Èyí Tí Ọrùn Rẹ̀ Ti Yẹ̀: Èwo Ló Yẹ Ká Rà?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé gìtá onígi méjì wà níwájú yín ní ìsọ̀ kan ní Alábà, tí wọ́n kó méjèèjì dé láti òkè òkun, tí òǹtajà sì pe iye kan náà lé wọn lórí. Ojú ọ̀kan ti là, láti ìdí àfárá tí a so okùn mọ́ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èkejì ń dán yanran, kò ní àpá kankan, àfi pé okùn rẹ̀ ga díẹ̀ sí ọrùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra gìtá ni yóò gbé èyí tó ń dán. Ní tèmi, èyí tó là ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àléébù tó ń dẹ́rù bani lára gìtá àlòkù kọ́ ló sábà máa ń náni lówó jù.

Igi a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, a sì máa sún kì bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ọyẹ́ tiwa lè fa èyí, ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n ń tàn nílùú òyìnbó nígbà òtútù náà sì lè fà á. Bí ojú gìtá bá ń sún kì, tí àwọn igi tó gbé e ró nínú kò sì fún un láyè, yóò là. Títún irú rẹ̀ ṣe kò le. Oníṣẹ́ yóò gbé gìtá náà síbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún títí ẹnu ibi tó là yóò fi sún mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni yóò fi gọ́ọ̀mù igi sí i, tí yóò sì lẹ àwọn pátákó kéékèèké mọ́ ọn láti inú, kí wọ́n dábùú rẹ̀. Àpá rẹ̀ lè má pa rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn gìtá náà kì í sábà yí padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń rì wálẹ̀ tí èkejì dúró, ó ṣeé ṣe kí igi abẹ́ rẹ̀ ti tú. Ẹ fi oríkèé ìka kan ojú gìtá káàkiri; ibi tó bá ń gbọ̀n tó ń dún gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò lẹ̀ mọ́, ẹ fi dígí kékeré àti iná fóònù wò ó láti inú ihò ohùn. Ẹ wo etí ihò náà pẹ̀lú. Bí ìlà igi bá ti ojú wọnú tààrà, pákó kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ ìpele-ìpele, plywood ni. Plywood kì í sábà là nítorí ọyẹ́, nítorí náà bó bá là, ó ti ṣubú tàbí nǹkan ti gbá a. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò lè sọ èyí fún yín: Yamaha FG180 tó jáde ní 1966, plywood ni ojú rẹ̀, nígbà tí FG800 ti òde òní ní ojú pákó kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ọrùn ló gba sùúrù. Bí a bá fún okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le dé ohùn wọn, agbára tí wọ́n fi ń fa orí gìtá, ìyẹn òkè ọrùn níbi tí a ti ń fún okùn, sí àfárá tó nǹkan bíi kílò 70, tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí ọrùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, okùn yóò sì máa ga. Bó bá jẹ́ pé ọrùn kàn tẹ̀ ní àárín ni, ọ̀pá irin wà nínú ọ̀pọ̀ gìtá olókùn irin tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ yí díẹ̀ kí ó tọ́. Bó bá yẹ̀ láti ìdí, ọ̀pá yẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ mú rúlà gígùn tó tọ́ dání. Ẹ gbé e lé àwọn irin tó dábùú ọrùn, kí ó nà dé àfárá. Bó bá bọ́ sórí pákó àfárá, tàbí tó fi bíńtín ga jù ú lọ, ọrùn dára. Bó bá forí sọ iwájú àfárá nísàlẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín irin kejìlá àti okùn tó nípọn jù. Nǹkan bíi mílímítà 2.5 ló dára. Bó bá kọjá 3.5, tí egungun tó gbé okùn ró lórí àfárá sì ti rẹlẹ̀ débi pé kò sí ohun tí a tún lè fá kúrò lára rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi ooru omi yọ́ gọ́ọ̀mù, kí ó yọ ọrùn, kí ó fá ìdí rẹ̀, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ padà, iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti káfíńtà tó ń kan àga. Owó rẹ̀ tọ́ sí gìtá olówó ńlá bíi Martin tàbí Gibson, ṣùgbọ́n lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú, ó lè ju iye gìtá fúnra rẹ̀ lọ. Ti ilé iṣẹ́ Taylor rọrùn jù, nítorí pé bóòtù ni wọ́n fi de ọrùn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ń rà á fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ okùn tó ga yìí. Yóò máa dun ọmọ náà níka, yóò sì rò pé òun ni kò lè mọ̀ ọ́n ta.

Orí tó kán wọ́pọ̀ lára Gibson, nítorí pé orí ọ̀pọ̀ wọn dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n digírì 17, wọ́n sì ti gbẹ́ igi ibẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ lè dé ọ̀pá irin. Bó bá jẹ́ pé ó là gígùn tẹ̀lé ìlà igi, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi gọ́ọ̀mù kàn án, yóò lẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ rí, tó tún kán, gọ́ọ̀mù àtijọ́ kò ní jẹ́ kí tuntun mú igi. Bó ti wù kí àtúnṣe rẹ̀ dára tó, gìtá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tà ní nǹkan bí ìdajì, ẹ má san owó èyí tó pé. Ní ti àfárá tó ń ṣí, ẹ ti bébà bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá wọlé, àtúnlẹ̀ ni yóò gbà, iṣẹ́ kékeré sì ni bí igi abẹ́ rẹ̀ kò bá tíì ya.

Gìtá tuntun tó jẹ́ plywood látòkèdélẹ̀ tọ́ fún ẹni tí kò ní oníṣẹ́ nítòsí. Ẹni tó bá ní, kí ó gbọ́ iye iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó náwó gìtá. Ìṣirò tí mo fara mọ́ ni pé kí iye gìtá tó bàjẹ́ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ má jù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tí irú rẹ̀ tó pé ń lọ lọ́jà.

Ẹ má sì ṣe yẹ gìtá tí okùn rẹ̀ dẹ̀ wò, torí pé ọrùn tó yẹ̀ lè dà bí èyí tó tọ́ bí okùn kò bá fà á. Ẹ ní kí òǹtajà fún okùn le dé ohùn rẹ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó gbé rúlà lé e. Bí kò bá ní okùn, ẹ ra tiyín lọ. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ mìíràn.